Ìbídùn Padà sí Kíláàsì Kìíní

Ní abúlé Ìdí-Ahùn, kò sí ọmọ tó fẹ́ràn àtimọ iye nǹkan tó Ìbídùn, ọmọ Akínpẹ̀lú tó ń sin àgbò. Eyín iwájú rẹ̀ kò tíì yọ tán tó ti ń ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́, tó ń ka páànù orí ilé, tó sì ń ka iye ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá sín láàárọ̀. Bí wọ́n bá rán an kó lọ já ata lẹ́yìnkùlé, á kọ́kọ́ ka èyí tó wà lórí igi, á wá ka èyí tó já, á tún ka èyí tó ṣẹ́ kù. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọjọ́ tí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹran inú abọ́ àlejò, ilé àwọn yóò dàrú.

Bó ti fẹ́ràn nọ́ńbà tó yìí náà ni ìṣirò ń dójú tì í nílé ẹ̀kọ́. Ẹnu rẹ̀ mọ nọ́ńbà dé igba láìmí, àmọ́ bó bá ti di ká mú ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ a bẹ́yìn yọ. Bí wọ́n bá ní kó kọ méjìdínlógún, 22 ni yóò kọ. Bí wọ́n bá ní kó kọ mẹ́rìndínlógún, á kọ 24, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ṣe dáadáa. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ó gbọ́ ogún, ó gbọ́ méjì, ó kó àwọn méjèèjì pọ̀ sórí síléètì, torí ó rò pé síléètì kò mọ dídín, pé kí a ṣáà máa kó nǹkan jọ sórí rẹ̀ ni. Orin ni wọ́n fi kọ́ wọn ní nọ́ńbà láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìbídùn sì mọ orin kọ. Orin yẹn ló kọ dé kíláàsì kẹrin tí ẹnikẹ́ni kò fura.

Tíṣà tuntun ló fura. Ọ̀gbẹ́ni Ojútaláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì há etí bíi káfíńtà. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí kíláàsì kẹrin ro mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pọ̀ mọ́ méjìdínlógún. Ìbídùn ló kọ́kọ́ na síléètì sókè, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń jó lórí ìjókòó. 53 ló wà lórí síléètì náà, gàdàgbà gadagba.

Kọ́lápọ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló mọ ìṣirò jù ní kíláàsì kẹrin, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbídùn, o ti rìn kọjá ọjà kí o tó rántí pé nǹkan lo fẹ́ rà!"

Tíṣà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pe nọ́ńbà bíi mélòó kan fún Ìbídùn, ó wo ohun tó kọ, ó sì mi orí. "Ìbídùn, ilé rẹ kò jò lórí. Ìpìlẹ̀ ló ti yẹ̀. Láti ọ̀la, wàá padà sí kíláàsì kìíní."

Ìbídùn kò tètè gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé e, omi ti kún ojú rẹ̀. "Títí dìgbà wo, sà?"

"Títí di ọjọ́ tí o bá lè borí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ní kíláàsì yìí. Ní òpin ọdún, níṣojú àwọn òbí, gbogbo wa la ó jọ ṣe ìdíje ìṣirò. Bí o bá borí níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wàá jókòó padà sí àyè rẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Akínpẹ̀lú dé eegun. "Ọmọ mi tó ga tó báyìí, láàrin àwọn tí kò tíì mọ imú nù?" Ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà àgbò rẹ̀. "Ó dáa. A ó wò ó dé òpin ọdún. Bí ọdún bá parí tí o ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Aláró, ni wàá gbà lọ. Wàá lọ kọ́ṣẹ́ aró. Ṣé o gbọ́? Kò sóhun tó burú nínú iṣẹ́ aró."

Kò sí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni Ìbídùn ń fẹ́.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n mú àgbò jà ní ìta Baálẹ̀. Gìrìpá, àgbò Akínpẹ̀lú tó ní ìwo bí òṣùká tí wọ́n ká lérí, ni yóò bá àgbò dúdú kan láti abúlé kejì kàn. Àgbò dúdú náà ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń mí fìn-ìn. Gìrìpá wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàdí mẹ́yìn.

"Ó ń sá! Gìrìpá ń sá o!" làwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ojú ti Ìbídùn bíi pé òun gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ó fa aṣọ bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ pè é padà síwájú o!"

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. "Ìwọ ṣáà la ojú rẹ."

Gìrìpá padà, ó padà, títí ìdí rẹ̀ fi kan igi òdán. Ó dúró. Ó tẹ orí ba. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti dé àárín ìta, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni GBÀÀ! Àgbò dúdú jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Ìbídùn fò sókè títí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi já, ó sì di dandan kó dúró ṣa gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó pé, ó gbalé lọ.

Ní Mọ́ńdè, ó jókòó sí kíláàsì kìíní. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kékeré náà. Bó ṣe kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ kéékèèké ti dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà!" Ìbídùn kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kóun rín tàbí ẹkún ni kóun sun.

Tíṣà Ojútaláyọ̀ kó gbogbo wọn jáde. Ó ti kọ ebè kéékèèké sórí iyanrìn gbàgede, ebè tẹ̀lé ebè láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ọ̀pẹ. Bí ebè bá pé mẹ́wàá, a gbé òkúta kan lé e lórí, a tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó ní kí oníkálukú máa sáré lọ dúró sórí ebè tóun bá pè. Eré lèyí lójú àwọn ọmọ náà, ariwo wọn sì kan ọ̀run.

"Ìbídùn! Mẹ́tàdínláàádọ́ta!"

Ìbídùn ki eré mọ́lẹ̀, eruku ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé orí òkúta karùn-ún, ìyẹn àádọ́ta, ó rìn kọjá rẹ̀, ó tún fi ebè mẹ́ta lé e, ó wá dúró gbọn-in.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Bí ìyá rẹ bá di àádọ́ta iṣu rù ọ́, tí mẹ́ta já bọ́ lọ́nà, ṣé ẹrù rẹ lé sí i ni àbí ó dín?"

"Ó dín, sà."

"Ó dín! Kí wá ni ẹsẹ̀ rẹ ń wá níwájú?"

Ìbídùn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo òkúta àádọ́ta tó ti kọjá. Ó rọra padà síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn kúrò lórí rẹ̀: oókan, èjì, ẹ̀ta. Kó tó dúró, Tíṣà ti sọ̀rọ̀ sí ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Ṣèyí létí, ó ní kó ti orí òkúta ogójì rìn síwájú ní ebè méje. Ṣèyí ń ka ebè, kò wòkè. Ìbídùn ń fẹ̀yìn bọ̀, kò rẹ́yìn. Àfi gbìì, orí ebè kan ṣoṣo ni wọ́n ti kọlu ara wọn.

Ṣèyí fẹ́ sunkún. Ìbídùn ti gbé e sókè, ó ń fi í yípo. "Ibì kan náà ni! Tíṣà, ibì kan náà ni! Ṣèyí ń ti ogójì bọ̀, èmi ń ti àádọ́ta padà, ibì kan náà la dé!"

"Ibì kan náà ni," ni Tíṣà wí, inú tirẹ̀ náà dùn débi pé ṣọ́ọ̀kì etí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Bí ẹnu wa bá fẹ́ ka mẹ́tàdínláàádọ́ta, á kọ́kọ́ lọ dé ibi tó gún régé, á wá padà sẹ́yìn. Síléètì ní tirẹ̀ ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. 4 tó o máa kọ yẹn ni òkúta mẹ́rin tí Ṣèyí ní lẹ́yìn. 7 ni ebè méje tó rìn. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, Ìbídùn. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò tíì mọ̀ pé a lè padà sẹ́yìn."

Láti ọjọ́ náà, ìṣirò gun Ìbídùn bí ẹ̀mí. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà létí rẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, á tún tàdí padà. Ó fẹ̀yìn rìn nínú ilé títí ó fi fọ́ ìkòkò omi. "Ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ ń pariwo, "o ò ní fẹ̀yìn ṣubú sínú kànga lọ́jọ́ kan?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń pọn omi lódò, ó déédéé ju agbè sílẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti méjìdínlógún! Ọgbọ̀n àti ogún jẹ́ àádọ́ta; padà sẹ́yìn kan, tún padà méjì. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta!" ló figbe ta. "Mẹ́tà-dín-ín ni, kì í ṣe mẹ́tà-lé!" Àwọn obìnrin tó wà lódò rò pé wọ́n jí nǹkan ọmọ náà gbé ni.

Kò tijú àwọn ọmọ kékeré mọ́. Ó di ẹni tó ń kọ ebè fún wọn láàárọ̀ kí Tíṣà tó dé. Bí Kọ́lápọ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá tó sì ní, "Ẹ kú ebè o, ìyá àgbẹ̀," Ìbídùn a ní, "A ó máa retí yín níbi ìkórè."

Ọjọ́ ìdíje pé. Àwọn òbí pé jọ sábẹ́ igi ní gbàgede. Akínpẹ̀lú wá, àmọ́ ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó fi fìlà bojú díẹ̀. Bàbá Kọ́lápọ̀ ló jókòó tì í, ara rẹ̀ yá gágá. Wọ́n gbé pátákó ìkọ̀wé síwájú, wọ́n fa ilà kan sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí i díẹ̀. Àwọn méjì-méjì ni yóò dúró lórí ilà. Bí Tíṣà bá ti sọ ìṣirò, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sójú pátákó ló gbà á, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gba méjì ló borí.

Kọ́lápọ̀ na gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin bí ẹni ń já ewé. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ̀ ń kí ara rẹ̀ kú oríire. Tíṣà wá wo ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. "Ta ló kù tó fẹ́ bá a dán an wò?"

Ìbídùn dìde láàrin àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ẹ̀rín sọ. Ó rìn lọ sórí ilà.

Tíṣà ní, "Mọ́kàndínlógójì, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ mẹ́rìndínlógún."

Ìfẹ́ àtiborí kó sí Ìbídùn lórí. Kò rántí ebè, kò rántí òkúta, ó kàn ki eré mọ́lẹ̀, ó sì kọ 65 sójú pátákó kí Kọ́lápọ̀ tó kúrò lójú kan. Kọ́lápọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ 55 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tíṣà ní Kọ́lápọ̀ gbà á. Akínpẹ̀lú fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aláró ti ń jà nínú ọkàn rẹ̀, nínú ọkàn Ìbídùn náà bákan náà.

Ìbídùn padà sórí ilà. Àfi ohùn kékeré kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. "Bùọ̀dá Kọ́lápọ̀ ò mọ ebè o!" Ṣèyí ni. Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ó sì rí gbogbo iyanrìn gbàgede náà bó ṣe máa ń rí láàárọ̀.

"Ọgọ́ta. Ẹ yọ mọ́kàndínlógún kúrò nínú rẹ̀."

Kọ́lápọ̀ ń ka ìka. Ìbídùn padà sẹ́yìn ogún lọ́kàn rẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lórí òkúta ogójì. Ó ti fi kan padà jù, ó tẹ̀ síwájú kan. Ó sáré lọ kọ 41. Tíṣà nawọ́ sí i. "Ìbídùn gbà á!" Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dìde, wọ́n ń fò bíi tata. Ó ku ẹyọ kan.

Tíṣà dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀. "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ orógbó méje la ní. Orógbó méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

Kọ́lápọ̀ ti fò mọ́ pátákó. Ó ń ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùn ní tirẹ̀ di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó padà kúrò lórí ilà. Ó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí tó jókòó síwájú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò fún un. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Ó ń sá o!" ni ẹnì kan kígbe. Ẹ̀rín gba gbogbo gbàgede.

Bàbá Kọ́lápọ̀ fọwọ́ kan Akínpẹ̀lú léjìká. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ọmọdé ni. Ẹ̀rù ló bà á."

Akínpẹ̀lú ti ṣí fìlà kúrò lójú, ó ti dìde dúró. Ó mọ irú ìrìn yẹn. "Ẹ dákẹ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Kọ́lápọ̀ ti kọ 636, ó yíjú sáwọn èèyàn, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àtẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀yìn Ìbídùn kan igi. Ó la ojú. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀, ó la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó la ilà kọjá, ó débi pátákó, ó kọ 686 débi pé ṣọ́ọ̀kì náà kán sí méjì.

Tíṣà wo ìdáhùn méjèèjì. "Ìbídùn, ṣàlàyé ara rẹ."

Ó ń mí hẹlẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Sà, ká ní apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kún dé ọgọ́rùn-ún ni, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni ì bá jẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dín méjì. Méjì ní ọ̀nà méje, mẹ́rìnlá. Mo wá ti orí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin padà sẹ́yìn mẹ́wàá, mo tún padà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín mẹ́rìnlá ni, sà!"

"Háà!" ni àwọn obìnrin tó ń ta orógbó figbe ta pọ̀ lápá ọ̀tún. "Bó ṣe rí nìyẹn! Bí a ṣe ń kà á gan-an nìyẹn!"

Kọ́lápọ̀ yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fìka tọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, ó dé ibì kan, ó dúró. "Mo gbé márùn-ún," ló rọra wí, "mi ò rò ó mọ́ ọn." Ọmọ tó ń yangàn ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Ó fi àkísà nu 636 kúrò, ó sì fi 686 sílẹ̀ lójú pátákó.

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé oko. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní yí Ìbídùn ká, Ṣèyí so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn. Tíṣà gbé ìjókòó kíláàsì kẹrin jáde síta fúnra rẹ̀, ó gbé e síwájú gbogbo èèyàn, ó sì ní kí ẹni tó ni ín wá jókòó. Ìbídùn jókòó, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún dìde jó.

Bàbá Kọ́lápọ̀ ṣì ya ẹnu. Ó yíjú sí Akínpẹ̀lú. "Mo rí i tó ń padà sẹ́yìn. Ojú mi báyìí ló ṣe. Kódà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kí ló lọ wá lẹ́yìn lọ́hùn-ún ná?"

Akínpẹ̀lú nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà. "Ẹ̀yin náà kò rí Gìrìpá ní ìta Baálẹ̀ ni? Agbára ló lọ mú wá." Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Aláró kó wá ọmọọṣẹ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ agbára tó sọ yìí ni wọ́n gbé délé lọ́jọ́ náà, ilé sì gbà á lọ́wọ́ ilé. Títí di òní, bí wọ́n bá rí ẹni tó padà sẹ́yìn tí ayé ń fi ṣẹ̀sín, ohun tí àwọn àgbà Ìdí-Ahùn fi ń pa á lówe ni pé: àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.